Splitter wo ló bá àdúgbò yín mu? Ìfiwéra FBT àti PLC fún ẹni tó ń na fáíbà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ na fáíbà wọ àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ onílé tó ní hóstẹ́ẹ̀lì ní Àgọ́-Ìwòyè, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan ọ̀rọ̀ splitter. Splitter ni nǹkan kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti inú fọ́nrán fáíbà kan, tó sì ń pín in sí méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, títí dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Kò lo iná NEPA, kò lo bátìrì, kò sì ní fáànù tó lè bàjẹ́. Níbi tí iná ti lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí di alẹ́, èyí nìkan ti tó láti mú kí èèyàn gbé splitter sórí òpó dípò switch tó ń jẹ iná.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ pé, "Ẹ ra PLC, FBT ti di ti àtijọ́." FBT ni splitter tí wọ́n fi fáíbà yíyọ́ ṣe, PLC ni èyí tí wọ́n ya sórí pẹlẹbẹ gíláàsì. Fún ẹ́sítéètì ní Ìmọwò tàbí Ìgbẹ́bà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Fún àwọn abúlé tó tò tẹ̀léra lẹ́bàá títì, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́ láìwo ilẹ̀ lè ra wáyà olówó gọbọi tí kò nílò. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé ṣe tò ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ irú splitter tí ẹ máa rà, kí a tó wá sọ̀rọ̀ owó.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ní láti ná. Ẹ̀rọ OLT tó wà ní ọ́fíìsì ló ń rán ìmọ́lẹ̀ jáde, ẹ̀rọ ONU tó wà nílé oníbàárà ló ń gbà á. Nínú GPON (ọ̀nà tí OLT kan fi ń bá ọ̀pọ̀ ilé sọ̀rọ̀ lórí fáíbà kan), tí ìlànà rẹ̀ jẹ́ ITU-T G.984, ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sílé oníbàárà wà lórí 1490 nm (nm ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), èyí tó ń padà bọ̀ wà lórí 1310 nm. Bí OLT yín bá ń lo Class B+ (ìpele agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀), 28 dB (dB ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó sọ nù) ni gbogbo ohun tí ẹ lè pàdánù láti ọ́fíìsì dé ilé tó jìnnà jù. Class C+ fún yín ní 32 dB. Nínú iye yìí ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan ti máa mú nǹkan bíi 0.35 dB lórí 1310 nm, ojú splice kọ̀ọ̀kan (ibi tí a ti yọ́ fọ́nrán méjì pọ̀) 0.1 dB tàbí kó dín díẹ̀, connector kọ̀ọ̀kan (ẹnu tí a ń tì bọ ara wọn) 0.3 sí 0.5 dB. Splitter ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù lọ, nítorí pé ìgbàkígbà tí a bá pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, 3 dB ti lọ, ká tó ka ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń sọ nù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ tán. Mo máa ń fi 3 dB sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Katakata tó ń ṣe títì yóò gé wáyà, iná igbó yóò jó o nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, igi yóò ṣubú lù ú. Wáyà tó bá já sábà máa ń nílò ojú splice méjì tuntun, nítorí ẹ ó fi àfikún wáyà dí àlàfo náà. Ẹni tó bá ná 28 dB rẹ̀ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní ohun tí yóò fi tún wáyà ṣe.

Èkejì ni bí àwọn ilé ṣe tò. Ṣé wọ́n ṣù jọ, àbí wọ́n tò lọ gbọọrọ lẹ́bàá ọ̀nà? Ṣé gbogbo onílé ló ń gbé ibẹ̀, àbí ìdajì ilé jẹ́ ti àwọn tó wà ní Èkó àti òkè òkun, tí wọn kì í délé àfi nígbà Iléyá àti Kérésì? Ilẹ̀ mélòó ni wọn kò tíì kọ́lé sí?

Ẹ̀kẹta ni ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí splitter náà lè gbà. GPON lẹ ń lò lónìí, àmọ́ XGS-PON, ìran tó tẹ̀ lé e tó ń gbé 10 Gbps, ń lo 1577 nm ní àlọ àti 1270 nm ní àbọ̀. Ẹ̀rọ OTDR tí a fi ń wá ibi tí wáyà ti já, láìdá íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó kù dúró, ń lo 1625 tàbí 1650 nm. Splitter tí kò bá fojú rere wo àwọn ìgbì wọ̀nyí yóò dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀kẹrin ni oòrùn àti òjò. Ìwé tó ń tẹ̀ lé splitter máa ń sọ pé PLC lè ṣiṣẹ́ láti -40°C dé 85°C, pé FBT lè ṣiṣẹ́ láti -5°C dé 75°C. Ti òtútù yẹn kò kàn wá. Ìjẹ̀bú kò rí -5°C rí, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òtútù ta PLC fún yín. Ohun tó ń bá wa jà ni àpótí dúdú tó wà lójú oòrùn lórí òpó lọ́sàn-án, àti omi òjò tó ń wọ àpótí tí wọn kò dì dáadáa láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Omi kò bìkítà bóyá PLC ni tàbí FBT.

Owó ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí splitter kì í sábà jẹ́ ohun tó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí. Wáyà, òpó àti pọ́ọ̀tù OLT (ẹnu OLT tí fáíbà ń gbà jáde) ló ń gbé owó lọ. Splitter tí kò bá ibẹ̀ mu ló máa ń jẹ́ kí ẹ ra èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

FBT: èyí tó dàgbà jù

Wọ́n á fi fọ́nrán fáíbà méjì lọ́ mọ́ra, wọ́n á yọ́ wọn lórí iná, wọ́n á sì máa fà wọ́n títí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra yóò fi tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ inú ọ̀kan yóò máa ṣí lọ sínú èkejì. Ibi tí wọ́n bá ti dá fífà náà dúró ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe pín in. Wọ́n lè ṣe 50/50, wọ́n lè ṣe 30/70, 20/80, 10/90, kódà 5/95. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni mo máa padà sí.

Àléébù rẹ̀ méjì ló ṣe pàtàkì. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣí láti inú fọ́nrán kan sí èkejì kò dọ́gba fún gbogbo ìgbì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣe FBT fún ìgbì kan, méjì tàbí mẹ́ta péré. Fún GPON, èyí tó gba 1310, 1490 àti 1550 nm lẹ gbọ́dọ̀ rà. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n ṣe fún 1310 àti 1550 nìkan, ìpín tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí 1490, orí 1490 gan-an sì ni iṣẹ́ yín wà.

Èkejì ni pé ojú FBT kan sábà máa ń pín sí méjì ni. Ẹni tó bá fẹ́ 1:8 (ọ̀kan wọlé, mẹ́jọ jáde) gbọ́dọ̀ so méje pọ̀ nínú àpótí kan. Àṣìṣe kékeré tó wà lára kọ̀ọ̀kan á máa gun ara wọn, ẹsẹ̀ kan (ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde) á dára, ẹsẹ̀ mìíràn á fi dB kan tàbí méjì rẹlẹ̀ sí i. Oníbàárà tó bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó burú ni yóò máa pè yín lálẹ́. Láti 1:8 sókè, n kò rí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ra FBT tuntun. Kò tilẹ̀ dínwó mọ́ níbẹ̀. PLC ló dínwó jù bí ẹ bá pín owó náà sórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi 1:2 ni FBT ti sábà máa ń dínwó.

PLC: ìpín ọgbọọgba

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe chip kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà ṣe PLC. Wọ́n ń ya ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ sórí pẹlẹbẹ gíláàsì silica, ipa ọ̀nà kan á là sí méjì, méjì á là sí mẹ́rin, títí yóò fi pé iye tí wọ́n fẹ́. Nítorí pé orí pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó sì gba gbogbo ìgbì láti 1260 dé 1650 nm, tó túmọ̀ sí pé GPON òní, XGS-PON ọ̀la àti OTDR tí ẹ fi ń wá àléébù lè kọjá nínú rẹ̀ láìsí wàhálà.

Iye tí PLC tó dára lè jẹ, láìka connector mọ́ ọn, kò yẹ kó ju báyìí lọ:

1:2, nǹkan bíi 4 dB
1:4, nǹkan bíi 7.2 dB
1:8, nǹkan bíi 10.5 dB
1:16, nǹkan bíi 13.6 dB
1:32, nǹkan bíi 17 dB
1:64, nǹkan bíi 21 dB

Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò. Ká sọ pé OLT wà láàárín ìlú, oníbàárà tó jìnnà jù sì wà ní kìlómítà 12. Wáyà á jẹ 4.2 dB. Connector mẹ́rin á jẹ tó 2 dB, àwọn splice á jẹ 0.5. Bí ẹ bá lo 1:32, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 23.7 dB, nínú 28, ó ku 4.3. Ó dára. Bí ẹ bá lo 1:64, ó di 27.7. Ìmọ́lẹ̀ á dé, iná ONU á tan, gbogbo ènìyàn á sì dunnú lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí wáyà bá kọ́kọ́ já ni ẹ ó mọ̀ pé kò sí nǹkan nílẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí 1:64 lórí Class B+ àfi níbi tí gbogbo oníbàárà wà láàárín kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí OLT.

Ohun mìíràn tún wà nípa 1:64 tí ìṣirò dB kò ní sọ fún yín. Pọ́ọ̀tù GPON kan ń gbé 2.488 Gbps ní àlọ àti 1.244 Gbps ní àbọ̀, gbogbo ẹni tó wà lórí splitter náà ló sì jọ ń pín in. Lójoojúmọ́ èyí kò ní ìṣòro, torí gbogbo ènìyàn kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti dé láti ibi gbogbo fún Ojúde Ọba. Ilé tó dá páro láti oṣù mélòó kan ti kún. Àwọn régbérégbé ń fi fídíò ránṣẹ́, àwọn kan ń gbé ayẹyẹ náà sáfẹ́fẹ́ ní tààrà lórí fóònù. Àbọ̀ ni ẹrù á pọ̀ sí, àbọ̀ yìí gan-an ló kéré jù: bí ilé 64 bá lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, ó dín díẹ̀ ní 20 Mbps fún ilé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé bá jẹ́ 32, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 39. Àdúgbò tó ń kún lọ́jọ́ ọdún kò yẹ lórí 1:64.

Abúlé tó tò lẹ́bàá títì: ibi tí FBT ti gba ipò rẹ̀ padà

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké wa kò ṣù jọ. Ẹ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó lọ, tàbí ẹ yà sẹ́yìn Odògbólú, ẹ ó rí i: ilé mẹ́jọ níbí, oko kòkó tàbí igbó, ilé mẹ́wàá lọ́hùn-ún, ilé ìjọsìn kan, oko gbágùúdá, abúlé mìíràn.

Ká mú abúlé márùn-ún, kìlómítà méjì-méjì láàárín wọn, ilé mẹ́jọ tó fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Ọ̀nà kìíní: kí ẹ gbé splitter sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan máa lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan, kí PLC 1:8 sì wà ní abúlé. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n 1:8 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti 1:8 ní abúlé ti jẹ 21 dB, kìlómítà mẹ́wàá jẹ 3.5, connector àti splice jẹ tirẹ̀. Ẹ ti ná tó 26 dB, ẹ sì tún ní láti ra wáyà tó ní fọ́nrán púpọ̀ fún gbogbo ọ̀nà náà.

Ọ̀nà kejì: fọ́nrán kan ṣoṣo, kí ẹ máa fi 1:2 ọgbọọgba já a ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ẹni tí kò bá ṣírò máa ń kọ́kọ́ rò. Tó bá fi máa dé abúlé karùn-ún, ó ti kọjá nínú 1:2 mẹ́rin tó jẹ 14 dB (nǹkan bíi 3.5 lórí FBT 50/50 kọ̀ọ̀kan), wáyà ti jẹ 3.5, splice 0.8. Ẹ fi 10.5 ti abúlé kún un, àti 1 dB fún connector. Ó di 29.8 dB, ó ti kọjá 28. Abúlé karùn-ún kò ní ríná.

Ọ̀nà kẹta ni FBT tí ìpín rẹ̀ kò dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ á gbéra bíi bọ́ọ̀sì tó ń já èrò mélòó kan sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó pọ̀ jù sì ń bá ọ̀nà lọ. Ní abúlé kìíní ẹ fi 10/90 sí i: ẹsẹ̀ 10 jẹ nǹkan bíi 10.8 dB, ẹsẹ̀ 90 kò jẹ ju 0.7 lọ. Abúlé kejì, 10/90. Abúlé kẹta, 20/80, tó jẹ nǹkan bíi 7.5 àti 1.2. Abúlé kẹrin, 30/70, tó jẹ nǹkan bíi 5.7 àti 1.9. Abúlé karùn-ún gba gbogbo èyí tó kù. Ẹsẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan wọ PLC 1:8 tó wà lábúlé rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wáyà àti splice. Abúlé kìíní ná 22.0 dB, èkejì 23.6, ẹ̀kẹta 21.9, ẹ̀kẹrin 22.2, ìkarùn-ún 19.3. Ẹ fi 1 dB kún ọ̀kọ̀ọ̀kan fún connector. Èyí tó burú jù jẹ́ 24.6, ó ku 3.4 nílẹ̀. Ilé 40 lórí pọ́ọ̀tù kan, fọ́nrán kan péré lórí gbogbo ọ̀nà náà. Bí abúlé kẹfà bá sì ní kí wọ́n má gbàgbé òun, ẹ lè fi 50/50 sí abúlé karùn-ún, kí ẹ fa kìlómítà méjì sí i: abúlé karùn-ún á di nǹkan bíi 23.8, ẹ̀kẹfà nǹkan bíi 24.7, connector ti wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀tù kan náà á wá ru ilé 48.

Iye tí mo lò yìí jẹ́ iye tó sún mọ́ ohun tí ẹ ó rí nínú ìwé wọn. Tiyín lẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n.

Ohun tí ọ̀nà kẹta ń gbà padà lọ́wọ́ yín nìyí. Bí wáyà bá já láàárín abúlé kìíní àti èkejì, gbogbo abúlé tó wà níwájú ti kú nìyẹn. Ìpín wọn ò bára wọn mu, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní àfikún 10/90, 20/80 àti 30/70 nípamọ́. Ẹ kò lè mú èyíkéyìí tí ọwọ́ bá kàn. Ẹni tó ń tún un ṣe tó bá fi ẹsẹ̀ 90 sí ibi ẹsẹ̀ 10 á pa gbogbo ọ̀nà, nítorí náà ẹ lẹ orúkọ mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbára lé àwọ̀ fọ́nrán nìkan. Bí ẹ bá sì ń gbèrò XGS-PON láìpẹ́, ẹ bi olùtajà bóyá ìpín náà dúró bẹ́ẹ̀ lórí 1577 àti 1270. PLC tí ìpín rẹ̀ kò dọ́gba ti wà báyìí, ó wọ́n ju FBT lọ, àmọ́ fún ẹni tó mọ̀ pé òun máa yí padà sí 10 Gbps, owó náà tọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ pín in, àbí ẹ̀ẹ̀mejì?

Fún ẹ́sítéètì, PLC ti borí, ọ̀rọ̀ tó kù ni bóyá ẹ máa gbé 1:32 kan sínú kábínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, àbí 1:4 lẹ́nu ọ̀nà àti 1:8 lórí òpó.

1:32 kan jẹ 17 dB. 1:4 àti 1:8 papọ̀ jẹ 17.7. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ẹ má jẹ́ kó pinnu fún yín. Ohun tó yẹ kó pinnu ni iye ilé tó ń gbé ibẹ̀. Ní ẹ́sítéètì tí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ koríko, 1:32 kan ń jẹ́ kí ẹ fi oníbàárà tó bá yọjú, láti ojú ọ̀nà èyíkéyìí, kún pọ́ọ̀tù kan náà títí yóò fi kún. Pọ́ọ̀tù OLT, tó wọ́n, kò ní ṣòfò. Bí ẹ bá pín in lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, àpótí 1:8 kan lè wà lórí òpó fún ọdún púpọ̀ pẹ̀lú oníbàárà méjì, kí àwọn mẹ́fà tó kù wà fún ilé tí wọn kò tíì kọ́.

Àmọ́ 1:32 kan nílò fọ́nrán kan láti kábínẹ́ẹ̀tì dé ilé kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilé ti kún tí gbogbo wọn sì ń gbà á, bí àwọn hóstẹ́ẹ̀lì Àgọ́-Ìwòyè tàbí àyíká yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, pínpín lẹ́ẹ̀mejì ló dínwó: fọ́nrán kan dé hóstẹ́ẹ̀lì, 1:8 tàbí 1:16 sínú ilé, ó tán.

Ìrísí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tó wà nínú páìpù irin kékeré, tí fọ́nrán rẹ̀ wà láìní connector, ni ti inú closure (àpótí dídì tí ojú splice ń wà) tí ẹ ó fi splice so. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ nù níbẹ̀ kéré jù, omi kò sì rí ẹnu tí yóò wọ̀. Àpótí ABS, ìyẹn àpótí oníke, ni ti inú kábínẹ́ẹ̀tì àti ara ògiri. Èyí tí a ń tì bọ inú àpótí òpó, tó ti ní connector, dára fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ splice tirẹ̀ tàbí tí oníṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ti orí rack ni ti ọ́fíìsì.

Lórí connector, ẹ mú àwọ̀ ewé, SC/APC, kí ẹ sì dúró lé e láti OLT dé ilé. Ojú rẹ̀ dá ní igun 8°, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà má bàa wọ ọ̀nà tó ti wá. Àwọ̀ búlúù, UPC, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ewé bọ búlúù láéláé. Ojú méjèèjì kò bá ara wọn mu, dB púpọ̀ á sọ nù, ẹ sì lè fi ojú connector gúnra wọn bàjẹ́.

Ti ẹnu méjì

Splitter 2:8 tàbí 2:16 ní ọ̀nà àbáwọlé méjì dípò ọ̀kan. Bí wáyà kan bá já, OLT á gba wáyà kejì. Àdánù rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti 1:8 àti 1:16 lọ. Ilé ìwòsàn, báńkì, ilé-iṣẹ́ tó wà nítòsí oríta Ṣágámù níbi tí títì Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé títì Benin, irú wọn ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí wáyà méjèèjì bá wà lórí òpó kan náà, owó náà ti ṣòfò, torí katakata kan ló máa gé wọn pọ̀. Kí ọ̀kan gba ẹ̀bá títì, kí èkejì gba inú ìlú.

Kí ẹ tó sanwó

Àpótí ABS kan náà lè ru FBT, ó lè ru PLC. Ojú kò lè dá wọn mọ̀. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, tó kọ àdánù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi light source àti power meter yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò fúnra yín, lórí 1310 àti 1490 tàbí 1550. Bí ẹsẹ̀ PLC 1:8 kan bá jẹ 12 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí connector rẹ̀ sì mọ́, ẹ dá a padà. Bí iye orí 1310 àti orí 1550 bá jìnnà síra wọn ní ìpín ọgbọọgba tí wọ́n pè ní PLC, ẹ fura sí i. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí nílẹ̀, nínú ọ́fíìsì, kí ó tó gun òpó.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Onílé hóstẹ́ẹ̀lì: PLC 1:8 tàbí 1:16 nínú ilé, àpótí ABS, SC/APC. Má wo FBT rárá.

Ẹ́sítéètì tó ṣì ń kún, tí ọ̀pọ̀ onílé wà ní Èkó: PLC 1:32 kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má ṣe lọ sí 1:64, àní bí ìṣirò bá gbà á, nítorí ọjọ́ ọdún.

Ẹ́sítéètì tó ti kún: 1:4 àti 1:8.

Ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà: FBT aláìdọ́gba fún ojú ọ̀nà, PLC 1:8 ní abúlé. Ẹ fi ìṣirò yín lé ògiri ọ́fíìsì, kí gbogbo oníṣẹ́ mọ ohun tó yẹ kí power meter kà ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá wà fún wáyà oní-fọ́nrán 12 tí OLT yín sì jẹ́ Class C+, ọ̀nà kìíní ló máa fún yín ní ìsinmi jù nígbà àtúnṣe, mo sì gbà yín níyànjú kí ẹ mú un.

Ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́: splitter ẹnu méjì (2:8 tàbí 2:16), ọ̀nà méjì tó yàtọ̀.

Ẹni tó bá ti ní FBT 1:8 lórí òpó tẹ́lẹ̀: ẹ má tíì tú u. Ẹ wọn ilé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ONU bá ń ka -24 dBm (agbára ìmọ́lẹ̀ tó dé ibẹ̀; bó bá ṣe sún mọ́ òdo ló ṣe dára tó) tàbí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tán láti lọ sí XGS-PON. Ibi tó bá ti ń sún mọ́ -27, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi PLC rọ́pò, kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé.